Àbúrò Mi Ni Akólòlò Yẹn

Alága ìjókòó yìí, ọ̀gá mi àtijọ́, dókítà tí gbogbo ilé ìwòsàn yìí ń pè ní Ọ̀gá Pátápátá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, mo kí yín, sà. Ọ̀gá àgbà tó wà nípò lónìí, mo kí yín, mà. Ẹ̀yin dókítà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tí ẹ ń pín oògùn, ẹ̀yin tí ẹ ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kí àwa tó dé, mo kí yín níkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbàtọ́jú níbí, tí ẹ wọ aṣọ tó dáa wá nítorí ìfẹ̀yìntì mi, mo rí yín, ẹ kú àpọ́nlé. Ìyàwó mi, ìyàwó àbúrò mi, ìwọ tó o jókòó sí ìlà kẹta, mo kí ọ ju bí ẹnu ṣe lè sọ lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó sẹ́yìn fèrèsé kan. Gíláàsì ni fèrèsé náà, ihò róbótó kan wà láàárín rẹ̀ tí àwọn èèyàn ń gbà bá mi sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ga á bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá kúrú á na ọrùn. Ẹ bá sọ mí ní Ìyá Fèrèsé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, inú bí mi, mo rò pé ẹ ń bú mi ni. Nígbà tó yá, ọmọ tí mo bí gan-an ń pè mí bẹ́ẹ̀ nílé, mo sì ń jẹ́ ẹ.

Ta ni kí n yìn tí n ò ní fi ẹlòmíràn sílẹ̀? Ṣé sístà àgbà wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ni, tó jẹ́ pé bó bá ti ń bọ̀, àwọn tó ń pariwo á dákẹ́ láìjẹ́ pé ó bá ẹnikẹ́ni wí? Ṣé ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì wa ni? Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń wúwo láti wọlé, òun ló máa ń sún mọ́ ọn, á ní, "Ẹ wọlé jàre. Èmi gan-an ti gba ibẹ̀ wọlé rí, mo sì jáde." Gbólóhùn yẹn ti ṣe iṣẹ́ tí ìwé wa ò lè ṣe.

Iṣẹ́ tèmi rọrùn létí. Ẹni tó bá dé, mo kọ orúkọ rẹ̀, mo fún un ní káàdì, mo sì yan dókítà fún un. Báwo ni mo ṣe ń yàn? Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Káàdì kìíní, yàrá kìíní. Káàdì kejì, yàrá kejì. Bó bá dé yàrá tó kẹ́yìn, mo padà sí ìkíní, bí ẹni ń pín ìjókòó nínú ọkọ̀. Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó ń ṣe é. Mo ní ṣebí dókítà ọpọlọ ni gbogbo wọn, ìwé kan náà ni wọ́n kà. Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ọdún kejìlá tí mo ti ń sọ òkò ni ó ba ará ilé mi.

Mo ní àbúrò kan, ọkùnrin. Ìyá kan náà ló bí wa, bàbá ló yàtọ̀, ìdí nìyẹn tí orúkọ wa kò fi jọra. Aago ló ń tún ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ débi pé Ọwọ́ẹ̀rọ̀ ni àwọn oníbàárà ń pè é. Akólòlò sì ni. Láti kékeré, bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ ní láti dúró dè é, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá wà nínú páìpù omi: á hó, á dákẹ́, á tún hó, kó tó wá dà. Ṣùgbọ́n bó bá dà, omi tó mọ́ ni. Màámi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa bá a parí ọ̀rọ̀. "Ẹ fi í sílẹ̀," ni wọ́n máa ń wí, "ó ń bọ̀."

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni nígbà tí oorun dá lójú rẹ̀. Ó ní àwọn kan ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìró àwọn aago tó wà lórí tábìlì òun. Ó kó gbogbo aago oníbàárà sínú garawa, ó fi aṣọ tó nípọn bò wọ́n, síbẹ̀ ó ní òun ń gbọ́ wọn. Ìyàwó rẹ̀ sáré wá bá mi. Mo ní, "Má mikàn. Níbi iṣẹ́ mi yẹn, ẹni tó mọ̀ ọ́n jù lọ ni màá fà á lé lọ́wọ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Ojú tì mí. Èmi tí mo ń sọ fún àwọn ẹbí aláìsàn lójoojúmọ́ pé àìsàn ọpọlọ kì í ṣe ẹ̀gbin, ojú tì mí kí ẹ má lọ mọ̀ pé ó ti wọ ilé wa. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá, mo lọ pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo ní, "Tó o bá dé ojú fèrèsé, má pè mí ní ẹ̀gbọ́n o. Màdámù ni kó o pè mí." Ó wò mí. Ó gbìyànjú àtisọ nǹkan, kò jáde, ó mi orí pé òun gbọ́. Nígbà tó dé ojú fèrèsé, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Mà... Mà... Màdámù." Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo kọ orúkọ rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

Alága wa, ẹ̀yin ni mo yàn fún un. Ọjọ́ yẹn, mi ò tẹ̀ lé nọ́ńbà. Mo fo gbogbo yàrá, mo fi káàdì rẹ̀ sórí tiyín, torí pé ẹ̀yin lẹ tóbi jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ níwájú yín, sà: ẹ kì í ṣe dókítà burúkú. Ọ̀pọ̀ tó jókòó síbí, ẹ̀yin lẹ fà wọ́n jáde nínú kànga. Ṣé ẹ rántí sójà yẹn, tó ní òun ò fẹ́ ẹni tí á máa bẹ òun? Ó ní bí ẹ bá ti ní, "Lo èyí, padà wá lọ́jọ́ Ajé," ara òun ti balẹ̀ nìyẹn. Ẹ yára, ẹ mọṣẹ́, èèyàn ogójì sì ń dúró dè yín lójúmọ́. Ṣùgbọ́n ìka tó bá tọ́ símú la fi ń romú. Àbúrò mi kì í ṣe ẹni tó lè yára.

Ìgbà kẹta tó jáde lọ́dọ̀ yín, ó wá bá mi nídìí ẹ̀rọ omi lẹ́yìn ilé, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí wa. N ò ní fi ìkólòlò sọ ọ́, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, dókítà yẹn máa ń bá mi parí ọ̀rọ̀ mi. Ibi tí wọ́n ń parí rẹ̀ sí kọ́ ni mò ń lọ."

Mo ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ lo wá sọ ni àbí oògùn lo wá gbà?"

"Oògùn yẹn ń mú kí ọwọ́ mi máa gbọ̀n. Mi ò lè di aago mú mọ́. Mo fẹ́ sọ ọ́, wọn ò jẹ́ kí n dé ibẹ̀."

"Wàá dé ibẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn."

Ó tún bẹ̀rẹ̀. "Dókítà obìnrin kan wà ní yàrá ìkẹyìn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wá, aago ọwọ́ wọn dúró, mo bá wọn tún un ṣe lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan, wọ́n sì dúró títí mo fi dáhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi lọ sọ́dọ̀ wọn."

Ẹ ti mọ dókítà tí àbúrò mi ń sọ. Ẹ̀yin lẹ sọ wọ́n ní Dókítà Ẹ-jẹ́-n-gbọ́, torí ọ̀rọ̀ tí kì í kúrò lẹ́nu wọn nìyẹn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ń kó ìgbálẹ̀ sí ni a fún wọn ní yàrá, àwọn èèyàn sì ń kùn pé wọ́n ti lọ́ra jù. Kí ló kù fún mi láti ṣe? Kí n mú káàdì kan kúrò nínú àpótí kan, kí n fi í sínú èkejì. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Kí ló wá dá mi dúró? Ẹ̀rù ń bà mí pé Ọ̀gá Pátápátá á béèrè ìdí rẹ̀, pé wọn á sì mọ̀ pé àbúrò mi ni.

Mo ní, "Wọn kì í fi ọ̀gá sílẹ̀ lọ bá ọmọṣẹ́. Dúró síbi tí mo fi ọ́ sí."

Ó ní, "Ó dáa, Màdámù."

Ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀ àfi èmi àti òun. Ó pè mí ní Màdámù, kò sì kólòlò.

Kò padà wá mọ́. Ó fi dókítà sílẹ̀, ó fi oògùn sílẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Kò pé oṣù méjì, ó jáde nílé lọ́sàn-án gangan, kò dágbére. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi wá a. Ìlú kejì ni wọ́n ti rí i, níbùdókọ̀ kan, òtútù àyà ti mú un, ó ti gbẹ. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò ní ilé ìwòsàn ibẹ̀. Nígbà tí mo dé, ó dá mi mọ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo dúró dè é. Mo dúró, mo dúró. Ọ̀rọ̀ náà kò jáde, ó sì lọ.

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Èmi tí mo rí méjèèjì, mo ń sọ fún yín pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀sín ọdún yìí, bó di ọdún mẹ́ta, ẹ ó máa fi í ṣàwàdà. Ikú ńkọ́?

Màámi bi mí, kí àwọn náà tó kú, pé, "Ṣé dókítà tó dáa lo bá a wá?" Mo ní, "Èyí tó dáa jù ni, Màámi." Irọ́ kọ́ ni mo pa, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Èyí tó dáa jù ni. Kì í ṣe tirẹ̀ ni.

Alága wa, ẹ bi mí nígbà kan, ẹ ní, "Ìyá Fèrèsé, ọkùnrin tó ń tún aago ṣe yẹn dà?" Mo ní mi ò mọ̀. Mo mọ̀, sà. A ti sin ín. Àbúrò mi ni. Ẹ foríjì mí. Ìyàwó mi, o fi ọkọ rẹ lé mi lọ́wọ́, èmi sì ń wá iyì ara mi. Foríjì mí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, oúnjẹ di iyanrìn lẹ́nu mi. Mo lè ka káàdì kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí n má mọ ohun tó wà níbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí èèyàn ti tán lórí bẹ́ǹṣì, mo lọ kan ilẹ̀kùn yàrá ìkẹyìn. Mo ní, "Mà, ọ̀rọ̀ àbúrò mi ni." Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ n gbọ́." Mo sunkún tó ìdajì wákàtí kí n tó rí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo sọ tán, wọ́n wo aago ọwọ́ wọn, mo rò pé àkókò mi ti tó ni, mo bá dìde. Wọ́n ní, "Ṣé ọkùnrin tó tún èyí ṣe ni? Ó ní òun á wá bá mi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun mẹ́ta ni mo fi àyè sílẹ̀ fún un."

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi yín ní ìbéèrè tí àwọn kan fi ń pè mí ní aláròyé. Kí ló ń ṣe yín gan-an? Èdè wo ni ẹ fi ń ronú bí inú yín bá bàjẹ́? Ṣé ọkùnrin lẹ lè bá sọ ọ́ àbí obìnrin? Dókítà tí ẹ bá pàdé kẹ́yìn, kí lẹ fẹ́ sọ fún un tí ẹ ò rí sọ? Nítorí mo ti wá mọ̀ pé dókítà tó mọ ọ̀rọ̀ ọtí lè má mọ tọmọdé, àti pé ẹni tó mọ oògùn dáadáa lè má mọ bí a ti ń dákẹ́. Olùkọ́ obìnrin kan bímọ, ọkàn rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Dókítà àkọ́kọ́ ní ó rẹ̀ ẹ́ ni. Èkejì mọṣẹ́, ṣùgbọ́n obìnrin náà ò lè la ẹnu sọ ohun tó ń wá sí i lọ́kàn nípa ọmọ náà fún ọkùnrin. Ó padà sí fèrèsé lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní, "Ẹ má bínú, mò ń dà yín láàmú." Mo ní, "Ẹ dà mí láàmú dáadáa. Iṣẹ́ mi ni." Ọ̀dọ̀ ẹni kẹta ló ti sọ ọ́. Ọmọ náà ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ọ̀rọ̀ yín àti dókítà kan kò bá wọ̀, ẹ má fi oògùn sílẹ̀ nítorí ẹ fẹ́ fi dókítà sílẹ̀. Ẹ wá, ẹ sọ, kí wọ́n fà yín láti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì.

Ó ku ọ̀kan tí ẹ ò mọ̀. Èmi náà ní káàdì níbí, ọdún kọkàndínlógún rèé. Dókítà Ẹ-jẹ́-n-gbọ́ fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá, èmi tí mo ń bá gbogbo èèyàn wá dókítà wá di ẹni tó ń wá dókítà. Mo ti rí méjì. Ìkíní ń bẹ̀rù mi, ó ń pè mí ní Ìyá, kò lè bi mí ní ìbéèrè tó le. Èkejì, ó ku díẹ̀ káàtó. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, màá wá rí ẹni kẹta. Ìwọ ọmọbìnrin tó o fẹ́ gba ìjókòó mi, màá tò lẹ́yìn àwọn èèyàn. Má tìtorí pé o mọ̀ mí sáré kọ orúkọ mi. Bi mí léèrè ohun tó ń ṣe mí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹsẹ̀ tí ẹ fi wá kò ní kọsẹ̀ lọ. Ọkàn yín kò ní dá yín lóró. Ìtìjú kò ní gba èèyàn yín lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá ṣìnà nínú ilé yín, ẹ ó tètè wá a, ẹ ó rí i, ẹ ó sì bá a láàyè.

Ẹ ṣé o.