Ìgò Omi Efire Tí Wọ́n Gbé Síwájú Pẹpẹ

Ẹ bá mi dúpẹ́ ná, torí bí mo bá ní kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi kí n tó dúpẹ́, ilẹ̀ á ṣú. Halelúyà! Ẹ̀yin ará Òkè-Sopẹ́n, ó ṣì ń rú mi lójú.

Ẹ mọ̀ mí, èmi ọmọ yín tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìṣègùn ní yunifásítì. Èmi nìkan lobìnrin láàárín àwọn olùkọ́ ibẹ̀, iṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni wọ́n sì fún mi. Mò ń wá kòkòrò tó ń mú kí àwọn ọmọ abúlé Efire létí ọ̀sà máa tọ ẹ̀jẹ̀. Inú ìṣáwùrú ló ń gbé, á wá bọ́ sínú omi. Nígbà tí mo bímọ, ọ̀gá mi ní abiyamọ kò lè máa wọ odò kiri. Ó ní bí n kò bá rí kòkòrò náà mú wá ní Fúráìdè, òun á fi ọkùnrin sí àyè mi.

Mo pọn ọmọ, ó di Efire. Àwọn apẹja mú mi lọ síbi tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́ létí ọ̀sà, mo bu omi sí ìgò méjìlá, mo fi ẹ̀kọ lẹ bébà nọ́ńbà mọ́ wọn. Mo gbàdúrà pé, Baba, bá mi ṣọ́ ìgò wọ̀nyí.

Mo yà sọ́dọ̀ yín ní Sọ́ńdè. Mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà bí a ti ń ṣe, mo gbé àpótí ìgò tì í. Nígbà tí ọmọ ké, mo gbé e lọ sẹ́yìn ilé Ọlọ́run láti fún un lọ́mú. Mo padà wọlé, mo bá ìgò mi níwájú pẹpẹ láàárín omi àdúrà yín! Ẹnìkan rò pé mo gbàgbé láti gbé e wọlé ni. Wòlíì ti wọ́n omi sí gbogbo wọn, bébà nọ́ńbà ti ṣí dànù. Màmá kan ti gbé ìgò sẹ́nu.

Mo pariwo, “Yéè! Ẹ má mu ún!”

Kò sẹ́ni tó mọ èwo ni èwo mọ́. Ìyá Ìjọ ní ká da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo dúró, mò ń wo iṣẹ́ mi bó ṣe ń wọnú iyanrìn lọ. Inú bí mi sí Ọlọ́run, mi ò ní purọ́. Ṣé bó ṣe ń ṣọ́ nǹkan nìyẹn?

Ìyá Ìjọ bi mí pé, “Yèyé ọmọ, níbo lo ti bu omi ọ̀hún?”

“Níbi tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́ ni, Mà. Àwọn apẹja ló mú mi débẹ̀.”

“Ṣé àwọn ọkùnrin ló ń wẹ ọmọ l'Efire ni?”

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi padà lọ síbẹ̀. Ní Mọ́ńdè, ìyá méje nínú ìjọ yìí bá mi wọ lọ́rì agégẹdú. Ìyá Ìjọ ló pọn ọmọ mi. Wọ́n bá àwọn ìyá Efire sọ̀rọ̀, àwọn yẹn mú wa gba ẹ̀yìn ilé lọ sí odò kékeré kan tí àwọn ọmọ ti ń wẹ̀. Ìṣáwùrú kún ibẹ̀ bámúbámú! Mo kó wọn mọ́ omi sínú ìgò.

Ní Fúráìdè, ọ̀gá mi wo omi náà nínú awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Kòkòrò náà ń jà ràìn nínú omi. Ará, iṣẹ́ náà ti di tèmi títí, tèmi tọmọ! Ó bi mí pé ta ló ràn mí lọ́wọ́. Mo ní ìyá méje ni. Ó ní kí n kọ orúkọ wọn sínú ìwé iṣẹ́ náà. Ìyá Ìjọ, ẹ ò mọ̀wé kà, àmọ́ orúkọ yín wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ṣé Ọlọ́run ló da omi àkọ́kọ́ nù, àbí àìbìkítà mi ni? Bóyá kòkòrò wà nínú ẹ̀, bóyá kò sí. Mi ò tíì wò ó kí wọ́n tó dà á. Mi ò mọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi ṣọ́ ìgò, ó fún mi ní ìyá méje. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi fún un ní Halelúyà méje!

Àpótí ìgò mìíràn wà lẹ́nu ọ̀nà báyìí o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.