Ọ̀rọ̀ Iwájú Lọ́rì

Ní gáréèjì Ọ̀yọ́, níbi tí a ti ń dúró kí ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ kún, awakọ̀ méjì jókòó lẹ́yìn mi, ọ̀kan àgbà, èkejì ọ̀dọ́. Ọ̀rọ̀ wọn ò jẹ́ kí n gbádùn àkàrà mi.

Ọ̀dọ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo ni n ó wa ọkọ̀ ara mi? Bàbá kan ní òun á ra lọ́rì fún mi, kí n máa san án díẹ̀díẹ̀."

"Ṣé èèyàn tó ṣeé fọkàn tán ni?"

"Mo délé wọn. Lọ́rì mẹ́ta ń bẹ lágbàlá. Ẹni tó ní tó bẹ́ẹ̀, kí ló fẹ́ fi tèmi ṣe?"

"Kí ni wọ́n kọ síwájú wọn?"

"Ọ̀kan, 'Orí Ló Mọ̀'. Òmíràn, 'Ọmọ Ìkòyí'."

"Ṣebí ẹni tó ń san owó ọkọ̀ ló ń kọ ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ̀ síwájú ọkọ̀? Àwọn tó kọ ìwọ̀nyẹn dà? Bí owó oṣù kan bá yẹ̀, bàbá yẹn ti gbà á padà lọ́wọ́ wọn nìyẹn."



"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀kẹta tó wà lẹ́bàá ògiri, 'Ìyá Mi Á Jèrè' ni wọ́n kọ sí i. Ohun tí mo fẹ́ kọ sí tèmi gan-an nìyẹn."