Onílù Tó Kọ Ẹ̀yìn sí Èrò

Alága ìjókòó yìí, ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ àwo orin wa, ẹ̀yin tí ẹ kọ́kọ́ sọ fún wa pé orin wa ò lè tà, tí ẹ sì ń tà á títí dòní, ìyá wa, tí ẹ bí onílù tí ẹ sì tún bí akọrin, tí ẹ jókòó síwájú pẹ̀lú òwú létí bí ẹ ṣe máa ń ṣe, ìyàwó mi, tó mọ gbogbo àṣírí mi tí kò sì tíì tà wọ́n fún oníwèé ìròyìn, onídùùrù wa, onígìtá wa, àti ìwọ àbúrò mi, akọrin wa, tí gbogbo ayé ń pè ní Onídígí nítorí dígí dúdú tí kì í kúrò lójú rẹ, ì báà jẹ́ nínú ilé, ẹ̀yin akọ̀ròyìn, ẹ̀yin olólùfẹ́ wa tí irun yín dúró ṣánṣán nígbà kan rí, tí ẹ wá ń wá irun ọ̀hún báyìí, ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfẹ́.

Èmi tí mo ń fi ẹgbẹ́ wa sílẹ̀ lónìí, wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀ pẹ́. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ gbàgbé pé onílù ni mí. Akọrin ń sọ̀rọ̀ lórí ìtàgé, onígìtá náà ń sọ̀rọ̀ kódà tí ẹnikẹ́ni ò bá bi í, ṣùgbọ́n ta ló gbé máìkì síwájú onílù rí? Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mi ò sọ láti ìgbà èwe mi ló kóra jọ sí mi lọ́fun yìí. Ẹ fara balẹ̀, mi ò ní sọ ju ìdajì rẹ̀ lọ.

Ẹ ti rí àwo tuntun tí wọ́n tò sórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Èyí Tó Dára Jù Nínú Wa lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí alága pè wá sí ọ́fíìsì wọn, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ kó gbogbo orin wa tó lókìkí jù sínú àwo kan ṣoṣo, inú wa dùn débi pé onígìtá fẹ́rẹ̀ẹ́ sanwó ọkọ̀ fún wa. Ìgbà tó wá kan ká ka àwọn orin tó lókìkí ọ̀hún, a kà wọ́n tán kí tíì tó tutù. Mẹ́ta péré ni. Ọ̀kan nínú wọn, ìpolówó ọṣẹ ìfọṣọ ló sọ ọ́ di olókìkí. Alága ní kò burú, pé ká kó àwọn yòókù tì wọ́n. Bí èèyàn bá ti jókòó ti olókìkí pẹ́, òun náà á di olókìkí. Mi ò lè jiyàn, torí iṣẹ́ tí èmi fúnra mi ń ṣe nínú ẹgbẹ́ yìí nìyẹn láti ọjọ́ yìí wá.

Ẹ sì mọ̀ pé tí wọ́n bá ti ń ṣa èyí tó dára jù nínú iṣẹ́ èèyàn, ọgbọ́n ni wọ́n fi ń sọ fún un pé kó máa palẹ̀ mọ́. Òkú ni wọ́n máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ dídùn bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀. Àwa dúpẹ́ pé wọ́n sọ tiwa lójú wa.

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, rọ́ọ̀kì ìgbì tuntun, tí òyìnbó ń pè ní “new wave”, ni wọ́n pe orin wa. Ìgbì náà ti darúgbó báyìí, orúnkún ń dùn ún, ṣùgbọ́n tuntun náà ni wọ́n ṣì ń pè é. Yàrá kékeré kan tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ la ti ń dánra wò, ooru áyọ́ọ̀nù a máa gba àárín pákó wá bá wa lẹ́sẹ̀. A fi nǹkan dúdú kun ojú, a wọ kóòtù tí èjìká rẹ̀ fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà lọ, ẹ̀gbẹ́ la fi ń wọlé bí alákàn. Ọjọ́ tí ìyá wa kọ́kọ́ rí wa pẹ̀lú ojú dúdú yẹn, wọ́n fà mí sí kọ̀rọ̀. Wọ́n ní, “Ta ló lù yín? Ẹ̀yin méjì lẹ wà níbẹ̀, ẹ ò sì lè lù ú padà?”

Ẹ jẹ́ n yin àwọn alábàáṣiṣẹ́ mi. Onígìtá wa, èèyàn dáadáa ni. Kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ọ̀rọ̀ rí. Ó gbà tọkàntọkàn pé tí èèyàn bá ń sunkún níbi tí a ti ń ṣeré, gìtá òun ló ń pa á lẹ́kún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan ló tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Onídùùrù wa ńkọ́? Nínú gbogbo wa, obìnrin yìí nìkan ló máa ń ronú kó tó fọwọ́ kan nǹkan. Ìka kan ṣoṣo ló fi ń tẹ dùùrù oníná yẹn nínú orin wa tó lókìkí jù, àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ọgbọ́n àtinúdá ni. Tábìlì ló ń fi ọwọ́ kejì dì mú kó má wó. Mo wà níbẹ̀.

Ẹnì kan ṣì kù tí mo gbọ́dọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ ìlù, àpótí kékeré oníná tó ń lu ìlù fúnra rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, alábàáṣiṣẹ́ mi ni. Lọ́jọ́ tó dé, inú páálí búrẹ́dì ni àbúrò mi gbé e sí wá, orí àpótí tí mo fi ń jókòó lu ìlù ló sì gbé e lé. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó. Kì í rẹ̀ ẹ́, kì í jẹun, kì í pẹ́ dé.” Mo wo ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kà sílẹ̀ yẹn, mo rí i pé èmi ló ni gbogbo wọn. Láti ọjọ́ náà, èmi tí mo ti ń lu ìlù láti kékeré, mo di atẹ-bọ́tìnnì. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo dúró, mo ń retí ẹwà.

Mi ò gbà á dáadáa, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Orogún mi ni mò ń pe ẹ̀rọ náà. Ká ní ó lè kí mi, mi ò ní dáhùn. Mo tiẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan fún akọ̀ròyìn kan nípa ohùn àbúrò mi, tí mo fi ewúrẹ́ kún un. Àbúrò, má bínú. Mo ti bẹ ewúrẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yìí gba orin sílẹ̀. Àbúrò mi wọ inú yàrá tí wọ́n ti ń kọrin, ó fi nǹkan bo etí, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í lù, àbúrò mi ò sì mọ ìgbà tí òun máa wọlé sínú orin. Ó yá jù, ó pẹ́ jù. Wọ́n tún un ṣe títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èjìká mi ló ti ń wò láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé. Bí mo bá ti gbé e sókè kí n tó lu ìlù, ó ti mọ̀ pé ó kan òun. Ẹ̀rọ ò ní èjìká, kì í sì í mí. Onídùùrù wa ló rò ó dé ibẹ̀. Ó ní, “Bọ̀dá onílù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé lọ dúró síwájú ọmọ yìí kó rí yín.” Mo wọlé, mo dúró, mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu itan mi, àbúrò mi sì kọrin bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀.

Bí a ṣe ṣe gbogbo àwo tó kù nìyẹn. Tó bá di orí ìtàgé, màá tẹ bọ́tìnnì, màá wá yí ẹ̀yìn sí èrò kí n lè kọjú sí i. Ẹ̀yin akọ̀ròyìn, ẹ rántí ohun tí ẹ kọ? Ẹ ní onílù yìí kọ ẹ̀yìn sí ayé. Ẹ ní ó fi ń bá ìjọba wí ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan kọ ojú ewé gbọọrọ lórí ẹ̀yìn mi. Bẹ́ẹ̀ sì ni èmi ò rò ju pé kí ọmọ ìyá mi má ṣì wọlé.

A ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Onídígí ń sọ nínú ìwé ìròyìn pé ẹgbẹ́ wa ti fi èèyàn sílẹ̀, ẹ̀rọ nìkan la fi ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa lé e bá. Nígbà tí wọ́n ń ṣe àwo tuntun yìí, enjiníà tó ń fọ àwọn téèpù àtijọ́ mọ́ gbọ́ nǹkan kan tó ń ṣe pà-pà-pà lábẹ́ ohùn akọrin. Ó rò pé ìdọ̀tí ni. Ó fi kọ̀ǹpútà nù ún kúrò nínú gbogbo orin, ó wá pè wá kí a wá gbọ́ bó ṣe mọ́ tó. Àbúrò mi gbọ́ ọ, ó yọ dígí ojú rẹ̀, ó ní, “Ta lẹni tó ń kọrin yìí?” Wọ́n ní òun ni. Ó ní irọ́ ni. Onígìtá ní gìtá òun ni wọ́n yọ. Onídùùrù kàn ń wo itan mi. Wọ́n bá dá ìdọ̀tí padà. Ẹ gbé àwo náà, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ máa rí i pé wọ́n kọ ọ́ pé ẹ̀rọ ló lu ìlù. Orúkọ tèmi wà nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́, láàárín awakọ̀ wa àti òtẹ́ẹ̀lì kan tí omi ò yọ níbẹ̀ rí.

Kí ló wá dé tí mo ń lọ? Dókítà ní ọrùn ọwọ́ mi ti rẹ̀, òótọ́ sì ni. Àbúrò mi wá bá mi ní kíṣìnnì mi, ó ní wọ́n fẹ́ ká fi àwo yìí ṣeré káàkiri ìlú. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní ṣe nǹkan kan. Ẹ kàn máa dúró níwájú mi.”

Mo ní, “Kí ni mo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀?”

Ó ní, “Tí ẹ ò bá sí níbẹ̀, mi ò ní mọ ìgbà tí mo máa wọlé.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, mi ò purọ́. Ó kù díẹ̀ kí n gbà láti bá wọn lọ. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tí àwo náà dé ilé wa, ìyàwó mi gbé e sórí ẹ̀rọ, ó ń ká aṣọ, ó ń bá a kọ ọ́. Ó dé orin kan tó lọ́ra, kì í ṣe ara àwọn mẹ́ta tó lókìkí, ó ní, “Ibí yìí máa ń wọ̀ mí lára. Báwo lẹ ṣe gbọ́ ohun tí àbúrò yín sọ níbẹ̀ yẹn?” Mo ní ibo? Ó ní ibí yìí. Mo tẹ́tí, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Mo wolẹ̀, mo rí i pé ọwọ́ mi ń lu itan mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dúró síwájú ọmọ yìí láti ìgbà èwe wa, mi ò gbọ́ orin rẹ̀ rí. Ìlù ni mò ń kà. Mo mọ ibi tó ti ń mí, mi ò mọ ohun tó ń sọ.

Ìyàwó mi pa ẹ̀rọ náà. Ó ní, “Orin tó kọ fún yín ni. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, àfi ẹ̀yin.” Mo ní kó sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fún mi, ó ní òun kọ́ ló kọ ọ́.

Ìdí tí mo fi ń lọ nìyí. Ṣé ìyẹn náà burú? Mo fẹ́ jókòó lórí àga bíi tiyín, kí n dojú kọ ìtàgé, kí n má ka nǹkan kan. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ síbẹ̀, mo sì ti bẹ̀ wọ́n pé orin yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbí ní ẹ̀rù ń ba Onídígí, pé láti àárọ̀ ló ti ń rìn káàkiri ẹ̀yìn ìtàgé. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ìyàwó mi ti ṣèlérí pé òun á di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

Ìyá wa, ẹ̀mí yín á gùn, ẹ ó máa jókòó síwájú wa. Onídùùrù, àtubọ̀tán rẹ á dára; onígìtá, Ọlọ́run á fún ẹ ní ẹni tí á máa gbọ́ tìẹ. Alága, àwo yìí á tà, orí ilé-iṣẹ́ yín ò ní burú. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá yẹ́ mi sí, ẹ ò ní ṣe aláìrí ẹni tí á dúró síwájú yín nígbà tí ẹ ò bá mọ ibi tí ẹ máa gbà. Ayọ̀ la ó fi máa ríra.

Onídígí, má wo èjìká mi, mi ò ní gbé e sókè. Wọlé nígbà tó bá wù ọ́. Tó o bá ṣì í, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sẹ́ni tó máa lé wa jáde. Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ òwú yẹn létí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣé o. Àbúrò mi, ó yá, mò ń gbọ́.