Okùn Méjì Nínú Páìpù Kan

[Fóònù ń dún. Wọ́n gbé e.]

ÌYÁ: Hẹ́lò! Ẹnjiníà mi, o kú iṣẹ́ o! Bàbá ẹ ò gbé fóònù láti àárọ̀ —

ỌMỌ: Ẹ kú ilé, Màámi. Ẹ —

ÌYÁ: Ṣé bàtà tuntun yẹn ni bàbá ẹ wọ̀ síbi iṣẹ́? Mo ní kó má wọ̀ ọ́! Olóríkunkun.

ỌMỌ: Wọ́n ti gba bàtà yẹn, Màámi.

ÌYÁ: Ta ló gbà á?

ỌMỌ: Àwọn aláàbò ibi iṣẹ́. Bàtà, aṣọ, aago ọwọ́. Wọ́n ti dì wọ́n sínú ọ̀rá.

ÌYÁ: [ẹ̀rín] Kí ló wá fẹ́ wọ̀ wálé?

ỌMỌ: Ẹ jókòó ná. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ÌYÁ: Orí àtẹ̀gùn ni mo wà, ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì wà. Bàbá ẹ dà?

ỌMỌ: Wọ́n wà ní hospital. Please, ẹ má pariwo.

ÌYÁ: Ta ló ń pariwo? Kí ló ṣe é?

ỌMỌ: Ìtànṣán olóró, radiation. Páìpù omi kan ń jò ní yàrá ìsàlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ nuclear wa, Bàámi wọlé lọ dí i —

[Ariwo lórí ìlà]

ÌYÁ: Ṣé o gbọ́ mi? Ẹ̀rọ tìẹ ńkọ́, tó ń sọ bí ewu bá wà?

ỌMỌ: Reading ẹ̀ ní kò séwu. Bàámi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹ̀rọ ọmọ àwọn ti sọ̀rọ̀. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀, Màámi. Wọ́n ń fara balẹ̀ ṣe é, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

ÌYÁ: Ẹ̀rọ yẹn purọ́?

ỌMỌ: Faíbà ni, okùn dígí tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ìtànṣán bá bà á, orí ẹ̀ á tàn, iná yẹn á gba inú okùn wá bá wa. Bí iná bá ṣe pọ̀ tó ni ewu ṣe pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n ìtànṣán yẹn náà ló ń mú dígí dúdú díẹ̀díẹ̀ —

ÌYÁ: Bíi dígí àtùpà tí èéfín bò.

ỌMỌ: Ẹ̀hẹ́n. Iná ń jó nínú ẹ̀, ẹ ò rí i.

ÌYÁ: Ẹ ò mọ̀ pé á dúdú ni?

ỌMỌ: A mọ̀! Ìyẹn la ṣe ń lo okùn kejì, tó máa gba ìta, níbi tí ìtànṣán ò dé. A ó máa fi tinú wé tìta. Lẹ́yìn tí wọ́n gbé Bàámi lọ, wọ́n fa méjèèjì jáde láti yẹ̀ wọ́n wò. Inú páìpù kan ṣoṣo ni wọ́n wà. Wọ́n jọ dúdú ni. Dúdú la fi ń wé dúdú.

ÌYÁ: Òpònú wo ló kó wọn pọ̀?

[Ariwo lórí ìlà]

ÌYÁ: Ṣé o gbọ́ mi? Mo ní ta ló tẹ́ páìpù yẹn?

ỌMỌ: Ta ló ń tẹ́ páìpù níbí, Màámi?

ÌYÁ: Yéè! Ọkọ mi.

ỌMỌ: Wọ́n kó méjèèjì pọ̀ kí okùn mi má bàa já ni. Wọ́n ń ṣìkẹ́ mi ni.

ÌYÁ: Ṣé ó mọ̀?

ỌMỌ: Rárá. Wọ́n rò pé èmi ni mi ò tún ẹ̀rọ ṣe dáadáa. Wọ́n ń bì, wọ́n sì ń bẹ̀ mí pé kí n má sunkún, pé àwọn ti dárí jì mí. Màámi, mi ò ṣe nǹkan kan! Mo fẹ́ sọ —

ÌYÁ: Kí ni dókítà wí?

ỌMỌ: Wọ́n ní kí ẹ tètè máa bọ̀. Kí ẹ bá wọn nígbà tí wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀.

[Ẹkún ìyá]

ÌYÁ: Gbọ́. Má sọ fún un.

ỌMỌ: Màámi —

ÌYÁ: Kó má gbé e lọ sọ́run pé òun lòun fọwọ́ ara òun — Ìwọ lo ṣe é. Lójú bàbá ẹ, ìwọ lo ṣe é. Ṣé o gbọ́ mi?

ỌMỌ: Ó dùn mí.

ÌYÁ: Ó dun èmi náà. Jẹ́ kó dárí jì ẹ́, ọmọ mi. Ohun tó kù tó lè ṣe fún ẹ nìyẹn. Ibo lo wà?

ỌMỌ: Lẹ́nu wíńdò yàrá wọn. Wọ́n ń juwọ́ sí mi.

ÌYÁ: Ju tìẹ padà. Kí ló ń sọ?

ỌMỌ: Ìkan náà ni. Pé àwọn ò bínú.

ÌYÁ: Dá a lóhùn, kí n gbọ́. Ṣé o gbọ́ mi? Dá a —

ỌMỌ: Ẹ ṣé, Bàámi. Ẹ ṣé tí ẹ dárí jì —

[Ìlà já.]