Fìlà Tíṣà Ṣì Ń Dún

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹgbẹ́ òǹkàwé, ẹ má tíì ṣí ìwé kankan lónìí. Mo ti bẹ Dáhùnsí pé kó ka ohun tí mo kọ yìí sí yín létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó má sì fo ibi tí orúkọ òun gan-an bá ti jẹ yọ. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Mo rò pé mo lè gbé e dé sàréè, àmọ́ mi ò lè gbé e mọ́. Èmi Ọláòtán, télọ̀ tí ẹ mọ̀ ní Woliwo, èmi ni mo gé orí ìkẹyìn kúrò nínú ìwé Tíṣà. Kì í ṣe Ìbídùn. Ọwọ́ Ìbídùn mọ́. Èmi ni mo jókòó tí mo ń wò nígbà tí ẹ ń fi ẹ̀sùn kàn án.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa kò bá Tíṣà Ọlálẹ́yẹ láyé. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni. Òun ló dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ó ní Igbo ni àwọn ọmọ wa fi ń lá àlá, pé bí àwa àgbà kò bá ka àwọn òǹkọ̀wé àtijọ́, Yorùbá tó máa kù lẹ́nu wa ní Onitsha kò ní ju ìkíni lọ. Lẹ́yìn ìsìn, a ó ka orí kan, a ó sì máa jiyàn. Dáhùnsí tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà ní ọjà Bridge Head fẹ́ràn òǹkọ̀wé tó bá ti lè pa á lẹ́rìn-ín. Ìbídùn tó ń ṣe irun kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ òdì sí obìnrin inú ìwé. "Ọkùnrin ló kọ ọ́," ni ó máa ń wí, "ọkùnrin náà ló tún ń ṣàlàyé rẹ̀. Ta ló bi obìnrin náà?" Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kíláàsì kẹrin ni mo ti kúrò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ tí olùkọ́ ní kí n kàwé sókè tí gbogbo kíláàsì fi mí rẹ́rìn-ín. Mo gbé àpò mi, mo jáde. Bàbá mi nà mí títí ó fi rẹ̀ ẹ́, mi ò padà. Irú ènìyàn tí mo jẹ́ nìyẹn, mi ò sì fi yangàn mọ́.

Ìwé tí Tíṣà fẹ́ràn jù láyé ni Opó Etí Odò, tí Alàgbà Ìyàndá kọ kí wọ́n tó bí èyí tó pọ̀ jù nínú wa. Ìtàn ìyàwó atukọ̀ kan ni. Ọkọ rẹ̀ bọ́ sódò, wọn ò rí òkú rẹ̀, obìnrin náà sì ń lọ jókòó sí etí odò láràárọ̀ títí àwọn ará ilé ọkọ fi ní orí rẹ̀ ti yí. Bàbá Tíṣà ló ń kà á fún un nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà tó ku orí kan, bàbá náà kọ́kọ́ dá kà á, ó sunkún, ó pa ìwé dé. Ó ní, "O kéré sí èyí. Tó o bá dàgbà, wàá gbọ́ ọ." Kí Tíṣà tó dàgbà, bàbá ti kú, ìwé ti sọnù. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló fi wá a, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ìbàdàn tó fi ẹyọ kan ránṣẹ́ sí i. Ó lè ka orí ìkẹyìn náà lọ́jọ́ tí ìwé dé, kò kà á. Ó ní òun fẹ́ kí ẹlòmíràn kà á sí òun létí, bí bàbá òun ì bá ti ṣe é.

Ẹni tó bá kàn láti kàwé ló ń gbé ìwé lọ sílé ṣáájú, kó lè fi ẹnu tọ́ ọ wò. Orí kẹsàn-án kàn mí. Ẹ mọ̀ pé ìwé àtijọ́ yẹn kò ní àmì ohùn. Mo dé ibi tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ báyìí: "O gbe ọkọ rẹ si eti odo, o si joko ti i." Mo kà á bí mo ṣe gbọ́ ọ nínú ara mi, pé obìnrin náà gbé ọkọ rẹ̀, olówó orí rẹ̀, sí etí odò. Ẹ bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà ní, "Ọkọ̀ ni, Ọláòtán, ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ ti bómi lọ. Ṣé ẹrù ni ọkọ tí wọ́n á máa gbé sílẹ̀ létí odò?" Dáhùnsí ní, "Bóyá ó fẹ́ wẹ̀ ẹ́ ni, Tíṣà." Mo ní, "Ohun tí mo rí ni mo kà. Kò sí àmì lórí rẹ̀." Tíṣà ṣì ń nu omijé ẹ̀rín lójú. "Ẹni tó bá ka ìwé mẹ́fà jáde ò nílò àmì." Ọjọ́ yẹn ló sọ mí ní Ọkọ-létí-odò. Ẹ̀fẹ̀ ni lójú yín. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, orúkọ náà ti dé ìlà ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn Igbo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rò pé orúkọ àbísọ mi ni. "Oko, ị bọọla chi?" ni wọ́n fi ń kí mi láàárọ̀. Ẹnì kan á pè é bí ọkọ́ tí a fi ń roko, ẹlòmíràn á pè é bí ọkọ̀. Màá dáhùn, màá sì máa tẹ máṣìnnì mi lọ.

Ọjọ́bọ̀ ló yẹ kí n gbé ìwé fún Ìbídùn, ẹni tí orí kẹwàá kàn. Lọ́jọ́rú, mo jókòó ti máṣìnnì mi, mo mú réṣà tí mo fi ń tú aṣọ, mo sì gé ewé ìwé mẹ́rin tó gbẹ̀yìn kúrò níbi tí wọ́n ti rán an pọ̀. Mi ò ka ọ̀rọ̀ kan lára rẹ̀. Mo wí lọ́kàn mi pé ìwé tó bá ti sọ mí di ẹlẹ́yà, ojú mi ò tún ní bọ́ inú rẹ̀. Mo fi ìwé ìròyìn wé èyí tó kù, mo gbé e lọ fún Ìbídùn. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì dúpẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, Ìbídùn dìde, ojú rẹ̀ dàrú. "Tíṣà, ìwé yìí ò lópin. Mo ṣí i lánàá, orí kẹsàn-án ló parí sí." Tíṣà gbà á, ó fi àtàǹpàkò tọ ibi tí réṣà ti kọjá. Dáhùnsí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìbídùn, ẹ̀yin onírun lẹ máa ń ya bébà láti fi di irun. Lọ wo ṣọ́ọ̀bù rẹ dáadáa." Ó ní, "Bọ̀dá Dáhùnsí, mo mọ ìwé yàtọ̀ sí bébà." Ó wá yíjú sí mi. "Bọ̀dá Ọláòtán, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ṣé ó pé nígbà tí ẹ gbé e wá?" Gbogbo yín wò mí. Mo ní, "Ó pé." Ọ̀rọ̀ méjì péré. Mo ti kà wọ́n padà nínú ọkàn mi ju ohunkóhun tí mo kà rí láyé lọ. Tíṣà ní, "Ìbídùn, ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta." Ìbídùn gbé báàgì rẹ̀, kò sì padà wá mọ́. Àwọn kan nínú ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Fi-ìwé-dirun. Wọ́n pè é bẹ́ẹ̀ lójú mi lọ́jọ́ kan, mo sì bá wọn rẹ́rìn-ín, èmi tí mo mọ bí orúkọ ṣe ń ta ènìyàn. Kò pẹ́ tó kó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kúrò ní Woliwo lọ sí Umunya.

Mi ò sun àwọn ewé náà. Ohun tí mo ṣe burú ju sísun lọ. Mo rán fìlà kan fún Tíṣà, mo ní ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí ni, mo sì ká ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sáàárín aṣọ òde àti aṣọ inú, níbi tí à ń fi aṣọ líle sí kí fìlà lè dúró. Mo fẹ́ kí ohun tó ń wá máa jókòó lé e lórí. Ó gbádùn fìlà náà. Kò sí ọjọ́ Àìkú tí kò dé e, ó sì máa ń fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí a bá ń kàwé. "Ọláòtán, fìlà yìí ń dún." "Aṣọ inú rẹ̀ ni kò tíì rọ̀, Tíṣà." "Ó dà bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan fún mi." Màá rẹ́rìn-ín, inú mi á dùn. Ọlọ́run mọ̀ pé inú mi dùn.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ ríru dá a dùbúlẹ̀, apá kan ara rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Mo lọ kí i lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Fìlà wà lórí ìrọ̀rí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Ó ní kí n jókòó. "Ọkọ-létí-odò, mo ń lọ láìgbọ́ òpin ìtàn yẹn. Télọ̀ ni ọ́, o mọ bí wọ́n ṣe ń lẹ aṣọ. Bá mi lẹ òpin kan mọ́ ọn." Réṣà wà nínú àpò àyà mi. Bí mo bá tú ojú rírán mẹ́fà lára fìlà yẹn, ohun tó ń wá á bọ́ sí i lọ́wọ́. Mo gbọ́ bó ṣe tún pè mí ní orúkọ yẹn, ọkàn mi sì yigbì. Mo parọ́ fún ẹni tó ń kú. Mo ní opó náà wọ inú ọkọ̀ rẹ̀, ó tù ú lọ, ẹnikẹ́ni ò sì rí i mọ́. Mo fa ohùn ọkọ̀ náà dáadáa kó lè gbọ́. Ó ní, "Kì í ṣe ìyẹn. Ìyẹn ò tó ohun tí bàbá mi á tìtorí ẹ̀ pa ìwé dé." Ọjọ́ kẹta, ó kú.

Nígbà tí Ìyá Ayọ̀, ìyàwó rẹ̀, dé láti ibi ìsìnkú ní ìlú wọn, ó gbé fìlà náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní, "Bàbá ní kí n gbé e fún ọ. Ó ní kí n sọ fún ọ pé ó ṣì ń dún." Mo bi í bóyá ó sọ nǹkan mìíràn. Ó ní rárá. Mo fi fìlà náà kọ́ sórí ìṣó. Bí fáànù bá fẹ́, ó ń dún. Mo pa fáànù, ó ṣì ń dún létí mi. Mo gbé e sínú àpótí, mo ń gbọ́ ọ lábẹ́ ariwo máṣìnnì. Ǹjẹ́ ó mọ̀? Bó bá mọ̀, kí ló dé tí kò tú u?

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, mo tú u. Òógùn orí Tíṣà ti pa àwọn ọ̀rọ̀ kan rẹ́, èyí tó pọ̀ jù ṣì hàn. Mo kà á, èmi tí mo ní mi ò ní kà á. Opó náà jẹ́wọ́ fún àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ létí odò nígbà tó ń kú lọ. Ó ní: "Ibi ti mo gbe ọkọ mi si niyi. Mo ri oku rẹ ni owurọ ọjọ kẹta, mo si sin in funra mi, ki ẹ ma ba gba a lọwọ mi. Ibẹ ni ki ẹ gbe emi naa si." Kì í ṣe ọkọ̀. Ọkọ ni. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbà. Ká ní mo fara da ọjọ́ mẹ́rin péré, ohùn Ìbídùn ni ì bá kà á síta pé bí mo ṣe kà á ló tọ́, Tíṣà ni ì bá kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, ì bá sì ti gbọ́ ohun tó pa bàbá rẹ̀ lẹ́kún. Ìdáláre mi ni mo fi réṣà gé, tí mo rán mọ́ orí ẹni tí mo ń bínú sí. Kò sí ayọ̀ kankan nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kéré sí mi, bí wọ́n bá fi yín rẹ́rìn-ín níbi ìwé, ẹ bínú, ẹ jà, kí ẹ sì padà wá ka orí tó kù. Tí Dáhùnsí bá ń ka èyí lọ́wọ́, mo ti wà ní Umunya, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Ìbídùn, pẹ̀lú ewé mẹ́rin nínú àpò ìwé. Mi ò mọ̀ bóyá á jẹ́ kí n wọlé. Ìbídùn, mo ṣẹ̀ ọ́, mo sì wí i lójú gbogbo wọn. Bó bá gbà láti padà wá, ẹ fún un ní àga Tíṣà, kí ó ka orí kẹwàá tó kàn án láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ gbé fìlà náà, tí mo fi sọ́wọ́ Dáhùnsí, ka orí tábìlì. Èmi á dúró níta, lábẹ́ fèrèsé. Bí ẹ bá sì fẹ́ pè mí wọlé, ẹ pè mí ní Ọkọ-létí-odò. Màá dáhùn.