Wáyà Tẹ́ẹ́rẹ́ Orí Òrùlé

Alhaja Hàwáwù, ẹ má dìde, ẹ má wá àga, orí àpótí yìí tó mi, ṣebí ilé kan náà la jọ ń gbé, èmi lókè, ẹ̀yin nísàlẹ̀ mi, ẹ sáà bá mi gbọ́ ẹjọ́ yìí kí àyà mi tó bẹ́, nítorí Jímọ̀ alága ẹgbẹ́ onílé wa ti ní kí n tú wáyà rédíò mi kúrò lórí òrùlé, ó ní ìpàdé ọjọ́ Àìkú ni yóò fi òǹtẹ̀ lù ú, bí mi ò bá sì tú u, àwọn á rán ẹni tí yóò gé e. Wáyà! Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò nípọn ju okùn aṣọ lọ, tó ti ìdí táǹkì omi dé orí àtẹ̀gùn, tí ẹyẹ gan-an kò rí bà lé dáadáa.

Ó ní òfin ilé ni. Ó ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé nǹkan sórí òrùlé láìgba àṣẹ ẹgbẹ́. Ó dáa, mo gbà, olùkọ́ ni mí, mo mọ iyì òfin. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká jọ fi ojú inú gòkè lọ wo òrùlé náà. Dííṣì tẹlifíṣọ̀n hù síbẹ̀ bí olú, ọ̀kan kọjú sí Pópó Àgùdà, ọ̀kan kọjú sí Ọbaléńdé, èyí tó ti bàjẹ́ nínú wọn dojú sókè bí abọ́, ẹyẹlé sì ti ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Ẹyẹlé wo ló wá gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ onílé? Okùn tí Jímọ̀ fúnra rẹ̀ ń sá agbádá sí ńkọ́? Inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n so ó mọ́ ni? Mo bi í bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, aṣọ kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀." Ẹ gbọ́ èsì àgbàlagbà.

Kí ló dé tí ẹ fi ìborùn bo sípíkà yín bí ìyàwó tuntun? Ó dáa, kò kàn mí, ẹ jẹ́ kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Ẹ lè bi mí pé kí ni wáyà náà tilẹ̀ ń ṣe. Ìbéèrè tó dára nìyẹn. Ẹ wo abọ́ omi tí ẹ fẹ́ fi fọ ìrẹsì yìí. Bí mo bá ti orí ìka bọ̀ ọ́ níhìn-ín, ṣé ẹ rí i pé omi ń mì títí dé etí abọ́ lọ́hùn-ún? Ìka mi kò dé ọ̀hún, mímì náà ló dé ọ̀hún. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wáyà mi ṣe ń mi ojú sánmà jẹ́jẹ́, tí ẹni tó bá ta irú rẹ̀ sórí òrùlé tirẹ̀ ní ìlú mìíràn yóò fi gbọ́ mi, tí èmi náà yóò gbọ́ ọ. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ rédíò, n kì í polówó ọjà, n kì í ka ìròyìn, ìfẹ́ iṣẹ́ náà la fi ń ṣe é. Ìjọba ló dán mi wò kó tó yọ̀ǹda fún mi. Ìjọba gbà, Jímọ̀ kò gbà. Kí la ó pe ìyẹn?

Jímọ̀ yìí kan náà, Alhaja! Ọjọ́ tí òjò ńlá rọ̀, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kú fin-ín, tí Nusrat ìyàwó rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìlọrin ń rọbí ní ọsibítù, ta ló sáré gòkè wá bá mi láìwọ bàtà? Èmi ni mo pe ọ̀rẹ́ mi Qaanitah tó ní irú rédíò yìí níbẹ̀, òun ló wọ inú òjò lọ sí ọsibítù, tó padà wá sọ fún wa pé obìnrin ni, ìyá ọmọ sì ti ń jẹun. Ńṣe ni Jímọ̀ dì mọ́ ẹ̀rọ mi bí ẹni pé ẹ̀rọ gan-an ni ọmọ náà. Lónìí, ó mu omi tán, ó fẹ́ fọ́ igbá.

Bó bá ṣe tèmi nìkan ni, mo lè mú un mọ́ra. Ẹ mọ Tawfiq, ọmọ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó tí mo kọ́ níwèé, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun báyìí. Bí ọkọ̀ wọn bá ti wọ agbami, fóònù rẹ̀ ò rí nǹkan kan gbá mú mọ́, rédíò la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́. Ìyá rẹ̀ á wá lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, á jókòó tì mí. Ọmọ á ní, "Ìyá mi, ara mi le." Ìyá á ní, "Ṣé o ń jẹun?" Ó tán. Nítorí èyí ló ṣe ń gbé orúnkún tó ń dùn ún gun gbogbo àtẹ̀gùn yìí. Bí wọ́n bá gé wáyà, tí ó kan ilẹ̀kùn mi, kí ni kí n sọ fún un?

Jímọ̀ ní òun kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó ní ẹnì kan tó níyì nínú ilé yìí ló fi ẹjọ́ sun òun, òun ò sì ní dárúkọ rẹ̀. Mo ti rò ó títí. Olúbùnmi tó ń ránṣọ nísàlẹ̀ ní òun kọ́, ó tilẹ̀ ní òun á nawọ́ fún mi ní ìpàdé. Ẹni yòówù kó jẹ́, mi ò ní ṣépè, tíṣà kì í ṣépè, àmọ́ nígbàkígbà tó bá fẹ́ lọ aṣọ, kí iná máa lọ. Kó máa lọ nígbà tó bá lọ apá kan tán. Ẹ ṣe àmín.

Ẹ ò ṣe àmín.

Kò burú. Alhaja, ẹ̀yin ni mo gbójú lé. Kò sẹ́ni tó dàgbà tó yín nínú ilé yìí, bí ẹ bá wúkọ́ lásán ní ìpàdé, Jímọ̀ á jókòó. Bí ẹ bá nawọ́, ọwọ́ yòókù á tẹ̀ lé e. Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún nìyẹn.

Kí lẹ wí? Ẹ gbé ohùn sókè díẹ̀. Ẹ̀yin? Ẹ̀yin lẹ lọ bá Jímọ̀?

Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kó yé mi. Ẹ ní bó bá di ìrọ̀lẹ́, tí ẹ bá ń gbọ́ wáàsí, ohùn kan a máa jáde nínú sípíkà. Ó ń fi imú sọ̀rọ̀ bí òkú. Ó ń pe èèyàn, ó ń ní kí wọ́n dá òun lóhùn. Ẹ sì mọ̀ pé a kì í dá ẹni tí a kò rí lóhùn, òótọ́ ni, ìyá tèmi náà kọ́ mi bẹ́ẹ̀ ní Ìjẹ̀bú. Ẹ ṣe àdúà, kò dákẹ́. Ẹ fi ìborùn bò ó, kò dákẹ́. Ẹ wá rántí pé ìgbà tí mo ta wáyà ló bẹ̀rẹ̀, ẹ ní wáyà Tíṣà ló ń fa iwin wọlé.

Alhaja, èmi ni iwin náà.

Ẹ má bínú, ẹ̀rín ló ń pa mí. Tawfiq ni mò ń pè, ẹ̀yin kọ́. Ẹ wo wáyà sípíkà yín bó ṣe gùn, tó ká jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹ rántí omi inú abọ́? Mímì tó ń lọ bá Tawfiq lójú òkun, ara wáyà yín náà ló ń gbà kọjá. Sípíkà ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ mímì náà di ohùn bó ti yẹ, ló ṣe ń fi imú sọ ọ́. Òrùka dúdú kékeré kan tó máa ń dí mímì náà lọ́nà wà lókè lọ́dọ̀ mi, bí mo bá ki wáyà yín bọ inú rẹ̀ tí mo sì yí i ká, ó yẹ kí ohùn náà dákẹ́. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi látọjọ́ yìí? Ẹ̀n? Pé kí ẹ gòkè wá sọ fún Tíṣà pé òkú ń pè yín? Òótọ́ ni. Ǹ bá rẹ́rìn-ín.

Èpè yẹn ńkọ́? Mo ti gbà á padà, ẹ máa lọ aṣọ yín, iná ò ní lọ. Ẹ̀yin náà, ẹ bá mi gba ẹjọ́ yín padà lọ́jọ́ Àìkú, ẹ má wulẹ̀ dárúkọ iwin, ẹ ṣáà ní ẹ̀yin àti Tíṣà ti parí ẹ̀ nílé.

Mò ń lọ mú òrùka náà wá. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dán an wò láìfi òrùka sí i, bí a ti ń ṣe ní kíláàsì, kó lè dá yín lójú. Ẹ ṣí ìborùn yẹn kúrò. Ẹ mú igi mọ́pù yín dání. Tí mo bá dókè, n ó pe orúkọ yín lórí rédíò, ẹ ó sì gbọ́ ẹni tó ń fi imú pè yín. Ní tọ̀tẹ̀ yìí, Alhaja mi, ẹ fi igi yẹn kan àjà, kí ẹ dá òkú lóhùn.