Èmi Ni Mo Pa Àkọsílẹ̀ Iṣu Bàbá Adéyanjú Rẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìparí kí ẹ tó bú mi. Ó ti lé ní ọdún méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ fún àgbàlagbà tí mo ṣẹ̀. Inú wọn dùn ju bí mo ṣe rò lọ, inú tèmi náà sì ń dùn látìgbà náà. Àmọ́ ó ku ẹnì kan. Nítorí ẹni náà ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Tíṣà ni mí ní Ìkìrun. Nígbà tí wọ́n ṣí ibi ìkọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà kékeré kan ní Inísà, mo forúkọ sílẹ̀ láti máa lọ ní gbogbo Sátidé. Mo ti lé lógójì ọdún, ojú sì ń tì mí láti jókòó láàárín àwọn ọ̀dọ́. Ọjọ́ tí mo débẹ̀ ni mo rí Bàbá Adéyanjú ní ìjókòó iwájú, tàwọn ti gíláàsì ojú wọn. Ọkàn mi balẹ̀. Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún. Iṣẹ́ ọ̀gbìn ni wọ́n ṣe fún ìjọba kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Láti Òkukù ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ kọ́rópe wá, wọn kì í sì í pẹ́ dé.

Kọ̀nténà la ń kọ́. Kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń kó ẹrù wọ̀lú o. Sístà Bísí, olùkọ́ wa, ṣàlàyé pé ápù tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà kan lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lórí òmíràn. Nítorí náà, a ó kó ápù náà àti gbogbo ohun tó nílò sójú kan, bí ìgbà tí èèyàn bá di ìrẹsì, ọbẹ̀, ẹran àti ṣíbí sínú kúlà kan ṣoṣo. Ibi yòówù kí o gbé kúlà náà dé, o ti lè jẹun. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń tan kọ̀nténà, bí a ṣe ń dá a dúró, bí a ṣe ń mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tó ti dúró. Ọjọ́ tí tèmi kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, mo pariwo. Bàbá dìde, wọ́n wá bọ̀ mí lọ́wọ́.

Orúkọ iṣu ni Bàbá ń kó sínú tiwọn. Lásìrì, èfùrù, gambarí, àtàwọn tí mi ò gbọ́ rí. Wọ́n ń kọ ìlú tí wọ́n ti ń gbìn ín, àti ẹni tó ṣì ní èbù rẹ̀ nílé. Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ìka kan ni wọ́n sì fi ń tẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, iná lọ, ó tún dé. Gbogbo kọ̀nténà wa ti dúró. Èmi ní ọ̀pọ̀ èyí tí mo ti bà jẹ́ níbi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́, mo sì fẹ́ kó wọn dànù. Àṣẹ kan wà tó máa ń gbá gbogbo kọ̀nténà tó ti dúró dànù lẹ́ẹ̀kan náà. Sístà Bísí ti kìlọ̀ pé a ò gbọdọ̀ lò ó láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn yòókù, torí kọ̀ǹpútà kan náà ni gbogbo wa ń lò. Mi ò béèrè. Kọ̀ǹpútà pàápàá bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ti Bàbá bá a lọ. A ò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àkọsílẹ̀ síta kọ̀nténà, nítorí náà gbogbo iṣu wọn ló lọ.

Bàbá, tí wọ́n ti jáde síta nígbà tí iná lọ, wọlé, wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Wọ́n ní, "Àbí èmi ni mo tẹ nǹkan tí kò yẹ?"

Mo ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ sà. Ẹ̀yin lẹ lò ó kẹ́yìn."

Ẹ jọ̀ọ́, gbólóhùn yẹn gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Àṣìṣe ni mo fi pa á rẹ́. Àmọ́ mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ èyí.

Ẹ̀rí ọkàn ò jẹ́ kí n gbádùn. Mo ní kí Bàbá jẹ́ ká jọ tún orúkọ náà kó. A lọ sí Igbàyè, a lọ sí Èkó-Èǹdè, oko dé oko. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mo gbádùn ìrìn àjò yẹn ju ohunkóhun lọ. Ní Igbàyè, ìyá àgbà kan kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ní sọ orúkọ iṣu àwọn fún wa àfi tí a bá jẹ ẹ́ tán. A jẹ ẹ́ tán. Orúkọ tí a rí ju ti àkọ́kọ́ lọ, a sì tọ́jú wọn síta kọ̀nténà. Bàbá wá ń pè mí lọ́mọ wọn, mo sì ń lọ jẹun nílé wọn.

Mo rò pé mo ti san án. Mi ò mọ nǹkan kan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kí wọn ní Òkukù. Mọ́mì, ìyàwó wọn, ló sọ fún mi nínú kíṣìnnì pé látọjọ́ tí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yẹn ti pa rẹ́ ni Bàbá ti gbà pé ọpọlọ àwọn ti ń lọ. Wọn ò wa mọ́tò wọn káàkiri Òkukù mọ́. Wọ́n fi Bíbélì kíkà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n má baà ṣì í kà lójú ìjọ.

Mo lọ bá Bàbá ní pálọ̀, mo kúnlẹ̀, mo sì jẹ́wọ́.

Wọ́n wò mí. "Ìwọ lo pa á rẹ́? Kì í ṣe èmi?"

"Èmi ni sà."

Bàbá fò dìde. "Ìyá Fẹ́mi! Wá gbọ́ o! Ọpọlọ mi pé!" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó láìsí orin. Wọ́n ń ka orúkọ iṣu lórí, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, wọn ò wo ìwé. Èmi ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọ́n jókòó, wọ́n ní, "O ṣẹ̀ mí o. Àmọ́ mo ti dárí jì ọ́." Lọ́jọ́ Sunday, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Bàbá ka Bíbélì, wọn ò fo ọ̀rọ̀ kan.

Mọ́mì ò jó. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní, "Ọdún méjì ni mo fi ń ṣọ́ ọkọ mi bí ọmọ ọwọ́, ìwọ sì ń wá jẹun nílé mi." Látìgbà náà, wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n kọjá lára mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, pé inú wọn á rọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n máa lọ bẹ̀ wọ́n, àbí kí n dúró? Ẹ̀yin tí a jọ kọ́ṣẹ́ ní Inísà, ẹ dárí jì mí, ojú yín ni mo ti parọ́ mọ́ àgbàlagbà.

Mọ́mì, bí ẹnikẹ́ni bá ka èyí sí yín létí, mi ò ní àwáwí kankan. Mi ò lè dá ọdún méjì yẹn padà fún yín. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí, mo ń bẹ̀ yín mà.